Àwọ̀ ara, ohun tí ojú rí, àti fífi Amẹ́ríkà yangàn: ta ni a ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀?

Arìnnàkore (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò fínnífínní, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2008, nígbà tí Barack Obama ń du ipò ààrẹ, Michelle ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìlú Milwaukee. Ó ní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òun ti dàgbà, òun ń fi orílẹ̀-èdè òun yangàn ní tòótọ́, nítorí pé ó jọ pé ìrètí ti ń padà bọ̀. Kò pẹ́ rárá tí gbólóhùn náà fi di ìjà. Ní ọjọ́ kejì, Cindy McCain, ìyàwó ẹni tí ó ń du ipò kan náà lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican, dúró níwájú èrò tirẹ̀, ó sì ní ní ti òun o, òun ń fi orílẹ̀-èdè òun yangàn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń fèsì fún.

Àwọn kan bi Michelle pé kí ni ó tún kù tí ó fẹ́. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ìlú Chicago ni, ó ka ìwé ní Princeton, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Harvard; ta ni Amẹ́ríkà ṣe lóore tó bẹ́ẹ̀? Àwọn mìíràn dáhùn pé ọdún 1964 ni wọ́n bí i, ọdún kan náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó sọ pé ilé oúnjẹ àti ilé ìtura kò gbọdọ̀ lé adúláwọ̀ jáde mọ́, àti pé Jim Robinson, tí í ṣe ìran kẹrin sókè sí i lápá ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ṣe ẹrú lóko ìrẹsì kan ní South Carolina.

Ìbéèrè mi ni pé, ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí obìnrin méjèèjì yìí wo àsíá kan ṣoṣo kí wọ́n sì rí ohun kan náà? Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni a ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀?

Olùkọ́ Ìtàn

Arìnnàkore, ẹ ṣeun. Ó ti lé ní 170 ọdún tí adúláwọ̀ kan ti gbé ìbéèrè yín síwájú àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pè é wá sọ̀rọ̀. Frederick Douglass ni mo ń wí, ẹni tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland ní ọdún 1838. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń tako òwò ẹrú ní ìlú Rochester ní kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa àyájọ́ òmìnira. Ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ ọdún 1852 ni ó wá, ìyẹn ọjọ́ kejì àjọ̀dún náà gan-an, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé tiyín ni ọjọ́ yìí, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lè máa yọ̀, ọ̀fọ̀ ni ó kàn mí.

Ohun tí àwọn ènìyàn sì sábà máa ń fò nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé Douglass kọ́kọ́ yin àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ó ní akọni ni wọ́n, ó sì sọ pé ìwé òfin tí wọ́n kọ, bí a bá kà á bí ó ṣe yẹ, ìwé òmìnira ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kiri tí ó ń rọ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ kí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54 ti Massachusetts.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn. Ìjọba ń san dọ́là 13 lóṣù fún ọmọ ogun tí ó jẹ́ òyìnbó. Dọ́là 10 ni wọ́n ní kí adúláwọ̀ gbà, wọ́n á sì tún yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ogun 54 kọ owó náà. Wọn kò sọ ìbọn sílẹ̀, wọn kò sá; wọ́n ń jagun, wọ́n ń kú, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ owó bá pé, wọn kì í na ọwọ́ sí i. Ó di ọdún 1864 kí àwọn aṣòfin tó gbà pé kí owó wọn dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn fẹ́ràn Amẹ́ríkà, èmi yóò ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tí ó ń ka owó lé wọn lọ́wọ́ lọ.

Àkànní Houston

Mo kí Olùkọ́, mo sì kí Arìnnàkore. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàyè gba ojú ìwòye tí ó yàtọ̀.

Fisa lọ́tìrì ni mo jẹ tí mo fi dé Amẹ́ríkà. Mo ṣe iṣẹ́ aṣọ́nà lálẹ́, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, mo ra ilé, mo rán ọmọ mẹ́ta ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí mo lọ búra láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n gba káàdì ìgbélùú mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fún mi ní àsíá kékeré kan tí igi rẹ̀ kò nípọn ju igi ìtayín lọ. Ará Vietnam ló jókòó lápá ọ̀tún mi, ará Mexico ló wà lápá òsì. Adájọ́ ní kí a gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Nígbà tí a parí ìbúra náà, ọkùnrin Vietnam yẹn bú sẹ́kún, èmi náà kò sì lè fi ojú gbígbẹ wò ó. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, ó sì ń wú di òní.

Nítorí náà, ó máa ń ṣòro fún mi láti lóye ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò béèrè fisa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí yóò sì jókòó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ orílẹ̀-èdè náà bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọ̀ dúdú kan náà ni gbogbo wa gbé wọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ni ìṣòro, kí ló dé tí kò dí èmi lọ́wọ́?

Ìyá Dáre

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ inú yín ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín ni ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù, tí ẹ lọ dúró níwájú aṣojú ìjọba wọn, tí ẹ gbàdúrà kí wọ́n gbà yín. Ẹni tí ó yan ìyàwó fúnra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n so mọ́ ìyàwó ní tipátipá kò lè máa sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó bákan náà, kódà bí ìyàwó náà bá padà di ẹni rere.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, àlejò lójú, kò fi ríran. Amadou Diallo, ọmọ ilẹ̀ Guinea, kò wá bá ẹnikẹ́ni jà ní Amẹ́ríkà; ọjà ni ó ń tà lójú pópó ní New York. Ní ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé ọdún 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ó ń gbé ní Bronx. Ọta 41 ni wọ́n yìn, 19 ló bà á, ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pọ́ọ̀sì owó rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ dá gbogbo wọn sílẹ̀. Kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ará Áfíríkà tí ó ń dúpẹ́ ni o, tàbí ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ráhùn.

Ọmọ mi náà ti kan díẹ̀ lára rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró ní òpópónà tí à ń gbé, tí wọ́n ní ta ni ó ń wá kiri. Ó na ọwọ́ sí ilé wa. Wọ́n ní kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i kí àwọn rí i. Mo wà lójú fèrèsé òkè, mo rí bí ọwọ́ ọmọ mi ti ń gbọ̀n tí kọ́kọ́rọ́ kò fi wọlé. Kò sí ẹni tí ó lù ú, kò sí ẹni tí ó bú u, wọ́n tilẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí wọ́n tó lọ. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí mo bá ń sọ fún un pé Amẹ́ríkà ṣe wá lóore, ṣe ni ó máa ń wo ẹnu mi.

Ọmọ Alárìnjó

Ẹ máa bínú o, ṣùgbọ́n a kò tíì dáhùn apá kejì ìbéèrè Arìnnàkore. Èmi kò rí i kí wọ́n pe òyìnbó kan kí ó wá ṣàlàyé ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Amẹ́ríkà yangàn. Ṣé àbímọ́ ni tiwọn ni?

Ayọ̀ọlá M.

Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí, nílé àna mi ni mo ti ń gbé e yẹ̀ wò.

Bàbá ìyàwó mi jagun ní Vietnam. Ní àràárọ̀, ó máa ń ta àsíá sí iwájú ilé rẹ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó máa ń ká a. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé náà, èmi ni ó fi etí kejì lé lọ́wọ́, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. A ká a ní ìlọ́po méjì lóròó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ ní igun mẹ́ta-mẹ́ta wá sọ́dọ̀ mi, títí tí pupa àti funfun fi wọ inú tí ó ku aláwọ̀ aró nìkan lójú. Bí mo bá fi aṣọ náà sílẹ̀ tí kò le dáadáa, yóò tú u, a ó sì tún un ká.

Èmi tí mo rí gbogbo èyí, mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ń fi Amẹ́ríkà yangàn. Kò dá mi lóhùn tààrà. Ìtàn Isaac Woodard ni ó sọ fún mi. Ọmọ ogun ni Woodard, ó ti jagun ní agbègbè òkun Pacific. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1946, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn. Ó bẹ awakọ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀ tọ̀, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, awakọ̀ sì fi í lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ìlú Batesburg ní South Carolina. Ọ̀gá ọlọ́pàá lù ú, ó sì fi kùmọ̀ gún ojú rẹ̀ méjèèjì fọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá a, tí gbogbo wọn jẹ́ òyìnbó, kò lò tó ààbọ̀ wákàtí kí wọ́n tó ní ọ̀gá ọlọ́pàá náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà dun Ààrẹ Truman gan-an, ó sì wà lára ohun tí ó sún un dé ibi tí ó fi pàṣẹ ní oṣù Agẹmọ ọdún 1948 pé kí wọ́n fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ nínú iṣẹ́ ológun.

Bàbá wá ní, “Èmi àti òyìnbó sun yàrá kan náà ní Vietnam. Ojú Woodard ni wọ́n fi ra yàrá yẹn fún mi.” Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìjọba ni ó ń ta àsíá fún. Àwọn tí ó fi ipá gba ohun rere lọ́wọ́ ìjọba, tí ohun rere náà sì padà di ti gbogbo ará ìlú, ni ó ń fi yangàn.

Ó tún máa ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá tirẹ̀, tí ó jagun ní Yúróòpù, tí ó sì padà dé bá òfin ọdún 1944 tí ó ṣèlérí ẹ̀yáwó ilé fún àwọn tí ó ti ogun bọ̀. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn báńkì ìlú ni ó ń yá ènìyàn lówó. Ní Mississippi ní ọdún 1947, nínú ẹ̀yáwó 3,229 tí ìwé ìròyìn kan tọpa rẹ̀, méjì péré ló bọ́ sọ́wọ́ adúláwọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gba owó yẹn kọ́ ilé, tí ó jogún ilé náà, tí ó tà á rán ọmọ lọ sílé-ìwé, ó dájú pé inú rẹ̀ yóò máa dùn sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tí ìdùnnú náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Alárìnjó, bóyá ìyẹn yóò tó ìdáhùn sí “àbímọ́” tí ẹ béèrè.

Àkànní Houston

Ayọ̀ọlá, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán, mo sì tún un kà. Ọmọ dáadáa ni ọ́, Ọlọ́run yóò bá ọ tọ́jú bàbá yẹn. Ìyá Dáre, ẹ bá mi kí Dáre, ẹ ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní Houston ń kí i.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn pé gbogbo òyìnbó ni ó jogún ilé. Mo ní ẹlẹgbẹ́ kan níbi iṣẹ́, ọmọ West Virginia. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ni bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí tí eruku fi ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú sí ogun Iraq. Ilé ayágbé ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé, kò ka ìwé kọjá girama. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Amẹ́ríkà ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán, ṣe ni yóò rọra palẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ tí yóò dìde kúrò nídìí tábìlì. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní bí Amẹ́ríkà kò bá dára, kí wá ni wọ́n pa àbúrò òun sí? Amẹ́ríkà kò fún ọkùnrin yìí ní nǹkan kan tí mo lè tọ́ka sí, àfi àsíá tí wọ́n fi bo pósí, èyí tí wọ́n ká fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ohun tí ojú tirẹ̀ rí ni kò jẹ́ kí ó lè gbọ́ àròyé. Ẹ jẹ́ kí a fi tirẹ̀ náà kún un.

Olùkọ́ Ìtàn

Àkànní, ó yẹ kí a fi kún un, ó sì ràn wá lọ́wọ́. Ọkùnrin West Virginia yẹn àti àna Ayọ̀ọlá, òkú ẹni wọn ni àwọn méjèèjì ń rí nínú àsíá. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ bí ó bá kanra sí ìjọba. Òyìnbó a máa bú ìjọba láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a ó sì ní ó ń fi ìfẹ́ ìlú bú u. Nígbà tí Colin Kaepernick, agbábọ́ọ̀lù San Francisco, jókòó nígbà orin orílẹ̀-èdè ní ọdún 2016 nítorí bí ọlọ́pàá ṣe ń pa adúláwọ̀, ọmọ ogun kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, òyìnbó, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kúnlẹ̀ dípò kí ó jókòó, nítorí pé báyìí ni àwọn ọmọ ogun ṣe ń kúnlẹ̀ níbi sàréè ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní ó tàbùkù àwọn ọmọ ogun. Láti ìparí sáà yẹn, kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó tún gbà á láti gbá ìdíje kan fún wọn.

Ẹ sì má jẹ́ kí a rò pé dúdú àti funfun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 1942, lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ìjọba kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Japan sí àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Jámánì. Ẹ̀wẹ̀, láti inú àgọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti lọ wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442, tí wọ́n ń jagun ní Ítálì àti Faransé nígbà tí àwọn òbí wọn wà lẹ́yìn wáyà. Ó di ọdún 1988 kí ìjọba tó tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì fọwọ́ sí dọ́là 20,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ó ṣì wà láàyè. Àwọn mìíràn nínú àgọ́ kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun títí wọn yóò fi tú ìdílé wọn sílẹ̀, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Àwọ̀ kan náà, àgọ́ kan náà, ìpinnu méjì. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ pé ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ ju èkejì lọ nínú wọn.

Ó ku ìkan. Láti ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Gallup ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń fi orílẹ̀-èdè wọn yangàn tó. Ní ọdún 2025, nínú àwọn Republican, 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àwọn ń fi í yangàn gidi gan-an. Nínú àwọn Democrat, ìyẹn ẹgbẹ́ Obama, 36 péré ni. Òyìnbó pọ̀ lọ jàra nínú 64 tí ó kù yẹn, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n padà síbi tí àwọn baba wọn ti wá.

Arìnnàkore

Olùkọ́, gbólóhùn yín tí ó kẹ́yìn yẹn ni mo ti ń wá láti àárọ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ará ilé ni ó ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì dá lóhùn pé “ta ló bi ọ́, ṣé o ti mọ ọ̀nà ilé yín?”, ìdáhùn náà ti fi hàn pé wọn kò kà á mọ́ ará ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Dáre, báwo ni Dáre ṣe wá ń ṣe sí báyìí?

Ìyá Dáre

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ a máa dìde láràárọ̀, wọn a gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, wọn a sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún àsíá. Ẹ̀jẹ́ náà parí sí òmìnira àti ìdájọ́ òdodo fún gbogbo ènìyàn. Dáre ń dìde, ó ń gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì ń wí gbogbo rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ìdájọ́ òdodo, yóò pa ẹnu dé. Ó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí olùkọ́ wọn tó fura, tí ó sì pe ilé.

Bàbá rẹ̀ fa ìbínú yọ. Irú ẹ̀gbọ́n Àkànní ni òun náà, ó ní ọmọ tí à ń fi òógùn tọ́ kò gbọdọ̀ kó wa sí ìjọ̀ngbọ̀n. Èmi lọ kà nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Òkúdu ọdún 1943, tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan láti West Virginia, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè fi tipá mú ọmọ kankan kí àsíá. Mo kọ lẹ́tà sí olùkọ́ náà, mo fi ìdájọ́ yẹn ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, mo sì béèrè pé kí ó bi Dáre fúnra rẹ̀ ní ìdí tí ó fi ń dákẹ́.

Ó bi í. Dáre sọ fún un pé òun kò kórìíra gbólóhùn náà rárá, òun ń dúró dè é ni. Olùkọ́ náà ti gbà kí ó máa ṣe bí ó ṣe ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ti ṣíwọ́ pípe olùkọ́ náà lórí fóònù.